Lámèyítọ́ àti Ìwé Baba Dé-Òkè

Inú ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò sì ní díbọ́n. Mo ti gbàdúrà sí i, mo ti fi odindi ọjọ́ kan gbààwẹ̀ sí i. Ọlọ́run gbọ́, Ó sì fi ìbínú náà sílẹ̀ níbi tó wà. Bóyá Ó ní iṣẹ́ tó fẹ́ fi í ṣe.

Ọmọbìnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í ṣe ọmọ inú mi. Ọmọ mẹ́ta ni mo bí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti dàgbà, wọ́n ti ní ilé tiwọn, orí fóònù la ti ń ríra. Ọmọ àbúrò mi ọkùnrin ni ọmọ yìí. Ọkọ̀ ẹrù ni àbúrò mi ń wà láti ìlú dé ìlú, kì í sì sùn sílé ju ọjọ́ méjì lọ lóṣù. Ọmọ náà pé ọdún mẹ́tàlá nígbà tó mú un wá sọ́dọ̀ mi pẹ̀lú páálí ńlá kan. Mo rò pé aṣọ ló wà nínú páálí náà, àfi bí mo ṣe ṣí i tí mo rí ìwé láti òkè dé ìsàlẹ̀. Mo bi í pé aṣọ rẹ̀ ńkọ́, ó ní ó wà lára òun. Òótọ́ ni, ó wọ mẹ́ta lé ara wọn.

Ìwé ìmọ̀ràn ló pọ̀ jù níbẹ̀, irú èyí tí wọ́n fi ń ta ọmọ iléèwé lọ́rẹ tó bá gba ipò kìíní. Ìwé tó ń sọ fún ọmọ pé kó dìde, kó má bẹ̀rù, pé ohun tó bá gbà gbọ́ ni yóò rí. Nígbà náà kò sí èyí tí kò gbà gbọ́ nínú wọn. Bí mo bá ń fọ abọ́, á dúró tì mí, á máa ka ibi tó wù ú sókè, ojú rẹ̀ á máa dán. Inú mi dùn. Mo ní ọmọ tí ìwé ń gbà níyànjú sàn ju ọmọ tí ẹgbẹ́ ń gbà níyànjú.

Nígbà tó pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ní kí ẹni tó bá ń fẹ́ nǹkan kọ ọ́ sílẹ̀, kó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, kó máa kà á sókè láràárọ̀ fún ọgbọ̀n ọjọ́, pé yóò rí bẹ́ẹ̀. Ó kọ ọ́, ó lẹ̀ ẹ́ sí òkè ibùsùn rẹ̀. Ìgbà tí mo wọlé láti gbálẹ̀ ni mo rí i: “Bàbá mi yóò wá sílé, yóò sì lo ọ̀sẹ̀ kan gbáko.” Ó kà á fún ọgbọ̀n ọjọ́. Mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ilé ìdáná. Bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ kẹrìndínlógún, ó sùn lẹ́ẹ̀kan, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí ọgbọ̀n ọjọ́ pé, ọmọ náà ṣí ìwé yẹn kó lè mọ ohun tó kàn. Ìwé ní ẹni tí tirẹ̀ kò bá rí bẹ́ẹ̀, kò gbà á gbọ́ tó ni.

Mi ò rí i kó sunkún. Ó já tákàdá náà kúrò lára ògiri, ó fi ọ̀bẹ ha gọ́ọ̀mù tó kù, ó wá bá mi níbi tí mo ti ń fọ abọ́.

“Màmá, ẹni tó kọ ìwé yẹn, ṣé ó bímọ?”

Mo ní mi ò mọ̀.

“Ó yẹ kí wọ́n máa kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé.”

Láti ọjọ́ yẹn ni kò ti kàwé kó má bá a jà. Kò sì pa ìwé tì o. Ká ní ó pa á tì ni, ara ì bá ti tù mí.

Nígbà tó parí iléèwé, mo mú un lọ sí ibi iṣẹ́ mi, ilé ìtẹ̀wé kékeré kan tí òórùn gọ́ọ̀mù àti tàdáwà kún inú rẹ̀. Èmi ni mò ń rán ìwé níbẹ̀. Iṣẹ́ náà kò ṣòro láti ṣàlàyé. Ẹ̀rọ á tẹ ojú ìwé mẹ́rìndínlógún sára tákàdá fífẹ̀ kan, mẹ́jọ níwájú, mẹ́jọ lẹ́yìn. A ó ká tákàdá yẹn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, á wá rí bí ìwé pẹlẹbẹ kan. Abala la ń pè é. Abala mẹ́wàá la ó tò lé ara wọn, èmi á fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn pọ̀ lẹ́yìn, kí wọ́n tó lẹ èèpo mọ́ ọn. Lẹ́yìn abala kọ̀ọ̀kan, níbi tí a ti ká a, ẹ̀rọ máa ń tẹ àmì dúdú kékeré kan síbẹ̀. Ti abala kìíní wà lókè, ti ìkejì rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ títí dé ìdí. Bí a bá tò wọ́n bó ṣe yẹ, àwọn àmì náà á sọ̀ kalẹ̀ bí àtẹ̀gùn. Bí ọ̀kan bá ṣìnà, àtẹ̀gùn á kán. Ọdún méjìlélógún ni mo ti ń wo àtẹ̀gùn yẹn, ìwé kan kò sì tíì jáde lábẹ́ ọwọ́ mi ní wíwọ́ rí. Mi ò kì í ṣí inú ìwé. Ta ló ráyè inú?

Ọmọ yìí ló ráyè. Bó ṣe ń ká tákàdá ló ń kà á, kò sì sẹ́ni tó lè sọ pé ó fa iṣẹ́ sẹ́yìn, nítorí ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró bí ojú rẹ̀ bá ń lọ. Nítorí pé abala ló ń rí, kì í ṣe ìwé, ó lè mọ bí wọ́n ṣe sìnkú ẹnì kan kó tó mọ̀ pé wọ́n bí i. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ, tí à ń pè ní Ẹlẹ́rọ, ló sọ ọ́ ní Lámèyítọ́. Ó ní kò tíì sí ìwé tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá tí kò fi ẹnu kàn, àtìwé ìgbéyàwó àtìwé ìsìnkú.

Ìwé méjì ló fẹ́ràn jù lára gbogbo ohun tí a rán lọ́dún yẹn. Ìkíní ni ìwé kékeré kan tí ilé iṣẹ́ kan ní ká tẹ̀ fún àwọn tó ń tún pọ́ǹpù omi ṣe. Ó ní ìwé náà gba òun nímọ̀ràn ju gbogbo ìwé inú páálí òun lọ. “Kí o tó tú u, wo bí ẹni tó dè é ṣe dè é.” Ó máa ń sọ gbólóhùn yẹn bí mo bá fẹ́ tú irun rẹ̀. Ìkejì ni ìwé ìtàn kan tí ìyá kan ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀. Ó ka ibẹ̀ fún mi lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun kò mọ̀ pé àwọn èèyàn ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n ń ṣe é, nínú ìwé.

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ èrò tirẹ̀ sílẹ̀. Bí ẹ̀rọ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, tákàdá bí ogún, bí ọgbọ̀n máa ń bàjẹ́. Wọ́n á ti tẹ ojú kan lára rẹ̀, wọ́n á rí i pé ó ya létí tàbí pé ó wọ́, wọn ò ní tẹ ojú kejì mọ́. A fi í ń nu ọwọ́, a fi í ń di ẹrù. Lámèyítọ́ á ṣa èyí tó mọ́ nínú wọn, á ká a lẹ́ẹ̀mẹ́ta bí abala, torí ọwọ́ rẹ̀ kò mọ ọ̀nà mìíràn tí wọ́n ń gbà ká tákàdá, á sì kọ̀wé sí ojú tó funfun. Bí o bá wo irú abala yẹn látìta, ti ìwé gidi ni. Bí o bá ṣí i, wàá rí ojú ìwé méjì tí wọ́n tẹ̀, wàá tún rí méjì tó kún fún ìkọ̀wé ọmọ. Ó ti ní tó ogójì irú rẹ̀ nílé, ó fi okùn dì wọ́n. Mi ò tíì ka ọ̀kankan rí. Mo rò pé orin ìfẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ wá débi Baba Dé-Òkè. Ọ̀gá iléèwé tó ti fẹ̀yìntì ni, ó ń lọ káàkiri iléèwé láti bá àwọn ọ̀dọ́ sọ̀rọ̀. Ó wá kó ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ sínú ìwé, ó pè é ní àádọ́ta ìmọ̀ràn fún ọmọ tó fẹ́ dé òkè, ibẹ̀ ni Ẹlẹ́rọ ti mú orúkọ. Olórí iléèwé àwọn obìnrin kan ti ṣèlérí pé òun yóò gba ẹgbẹ̀ta, ṣùgbọ́n ó fẹ́ kọ́kọ́ rí ẹ̀dà kan. Ọ̀gá wa ní kí n rán ẹyọ kan kíá. Mo rán an lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Wọ́n lẹ èèpo mọ́ ọn. Baba gbà á, ó fi áńkáṣíìfù wé e bí ọmọ tuntun.

Lọ́jọ́bọ̀ ló padà. Kò kí ẹnikẹ́ni. Nígbà tó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá tó tilẹ̀kùn, Ẹlẹ́rọ pa ẹ̀rọ kó lè gbọ́ran. A ò gbọ́ nǹkan kan títí Ọ̀gá fi yọ orí síta.

“Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá. Ẹ mú ọmọ yín dání.”

Ìwé náà wà lórí tábìlì ní ṣíṣí. Mo mọ ìkọ̀wé yẹn. Ó máa ń kọ ọ́ sára àpò ṣúgà mi pé ó ti ń tán.

Baba ṣàlàyé. Ó ní olórí iléèwé náà pe gbogbo àwọn olùkọ́ rẹ̀ jọ, ó ní kí òun jókòó, pé obìnrin náà fẹ́ fúnra rẹ̀ ka díẹ̀ fún wọn. Ó ṣí ìwé láàárín, ó ń kà á lọ. Ó ka ìmọ̀ràn kan, ó ṣí ojú ìwé, ó tún ń kà á lọ. Ó tó ìlà mẹ́rin kó tó mọ̀ pé kì í ṣe Baba ló ń sọ̀rọ̀ mọ́. Ó sì jẹ́ pé kò dákẹ́ nígbà tó mọ̀. Ó kà á tán. Àwọn olùkọ́ rẹ́rìn-ín débi pé ọ̀kan bọ́ síta.

Ọ̀gá ní kí n kà á. Mo wọ awò mi.

Ìmọ̀ràn kẹtàlá Baba ní: jí ní agogo mẹ́rin, ẹni tó ń sùn kò lè dé òkè. Lódìkejì rẹ̀, ọmọ ilé mi kọ ọ́ pé: “Màmá mi ti ń jí ní agogo mẹ́rin láti ọdún méjìlélógún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ júwe òkè náà fún wọn, ó ti rẹ̀ wọ́n.” Ìmọ̀ràn kẹrìnlá ní kí ọmọ má bá ẹni tí kò ní ìlépa rìn. Òun ní: “Bàbá mi ní ìlépa. Ohun tó ń lé ni pé kí oorun má gbé òun lọ lójú ọ̀nà. Ṣé kí n má bá a rìn?” Ìkẹẹ̀ẹ́dógún ní bí o bá kùnà, wo dígí, ẹni tó fà á wà níbẹ̀. Ó ní òun ti wò ó, òun nìkan kọ́ ló wà níbẹ̀, pé ẹni tó kọ ìwé wà lẹ́yìn òun, ó ń nàka.

Lẹ́yìn náà ló wá kọ èyí tó gùn, èmi sì dúró kà á tán bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọ̀gá ń wú ikọ́:

“Mi ò kórìíra ìwé ìmọ̀ràn. Mo fẹ́ràn wọn ju bó ti yẹ lọ, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí wọn. Ìwé dà bí àlejò tó kan ilẹ̀kùn. Òmíràn á kọ́kọ́ béèrè pé báwo ni ilé. Òmíràn á kàn wọlé, á máa tún àga ẹni tò. Ìwé pọ́ǹpù béèrè ohun tí pọ́ǹpù mi ń ṣe kó tó dá mi lóhùn. Ìwé yìí kò béèrè nǹkan kan. Ó ti mọ̀ pé èmi ni mo jẹ̀bi.”

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n purọ́. Ohun tó kọ́kọ́ bí mi nínú kì í ṣe ti Baba. Tèmi ni. Kí ló kàn án pẹ̀lú ìgbà tí mò ń jí? Àdúrà ni mò ń jí gbà, kì í ṣe òkè kankan ni mò ń lọ. Olórí iléèwé àti gbogbo olùkọ́ rẹ̀ ti wá jókòó, wọ́n ti ṣàánú obìnrin arúgbó kan tí iṣẹ́ ń pa, èmi nìyẹn. Bí kì í bá ṣe pé a wà níwájú èèyàn, ǹ bá ti gbá a létí.

Baba Dé-Òkè sọ ohun tó fẹ́. Ó ní ọmọ yìí mọ̀ọ́mọ̀ fi abala yẹn há ìwé òun láti dójú ti òun. Kó kọ lẹ́tà ẹ̀bẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ kan náà tó fi kọ ìranù yẹn, kí òun mú un lọ fún olórí iléèwé. Kó sì kó gbogbo irú rẹ̀ tó kù wá, kí wọ́n jó o lẹ́yìnkùlé. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, òun yóò gbé iṣẹ́ òun lọ sí ibòmíràn.

Ọ̀gá wo ilẹ̀. Láti ìgbà tó ti ń fi tákàdá ṣe ọkọ̀ ojú omi lábẹ́ tábìlì bàbá rẹ̀ ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo sì mọ̀ pé bó bá ti wo ilẹ̀, ó ti gbà. Ó ní, “Lámèyítọ́, fọ́ọ̀mù rẹ wà lọ́dọ̀ mi. Ọ̀la ni wọ́n ń tì í. Tí o bá fẹ́ kí n fọwọ́ sí i, o mọ ohun tó kù.”

Fọ́ọ̀mù iléèwé tí wọ́n ti ń kọ́ iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni. Wọn kì í gba ẹnikẹ́ni tí ọ̀gá kan kò bá fọwọ́ sí i pé ó ti bá òun ṣiṣẹ́ fún ọdún kan, pé ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún méjì ni wọ́n ń gba èèyàn. Ọmọ náà ti ń ka ọjọ́ rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Bí a ṣe jáde, Ẹlẹ́rọ ń dúró. “Lámèyítọ́, mo gbọ́ pé o ti di òǹkọ̀wé. Ẹ̀dà kan lo tẹ̀, ó sì ti tà.” Ó wojú mi, ó tan ẹ̀rọ rẹ̀ padà.

Mo bá ọmọ náà wí láti ibi iṣẹ́ dé ẹnu ọ̀nà ilé. Mo ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, òun ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo ní a kì í fi ọ̀nà ilé baba ẹni han ọ̀tá, òun wá fi aago tí mò ń jí han gbogbo ayé. Mo ní kó kọ lẹ́tà náà, ìkúnlẹ̀ kò ní kó ga mọ́. Ìgbà tí mo kó abọ́ oúnjẹ kúrò nílẹ̀ ló tó sọ̀rọ̀.

“Màmá, mo lè bẹ̀ ẹ́ pé ó wọ inú ìwé rẹ̀. Mi ò lè bẹ̀ ẹ́ pé mo kọ ọ́. Èmi kọ́ sì ni mo fi síbẹ̀.”

“Ta ló wá fi í síbẹ̀? Àǹjọ̀nú?”

“Èmi kọ́.”

“Níbo lo fi í sí nígbà tí o rí i kẹ́yìn?”

Ojú rẹ̀ kò kúrò lára abọ́ tó ń nù. “Lórí tábìlì, lọ́jọ́ Ajé. Nígbà tí mo lọ pò gọ́ọ̀mù.”

“Lápá ibo lórí tábìlì?”

“Lápá ọ̀dọ̀ yín. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n òwú.”

Mo ní kó lọ sinmi. Mo jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú àkísà lọ́wọ́.

Mo rántí. Mi ò nílò kí ẹnikẹ́ni rán mi létí. Lọ́jọ́ Ajé, mo rí abala kan tó dá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbọ̀n òwú mi. Inú mi tiẹ̀ ru pé àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò mọ iṣẹ́ í tò. Mo gbé e, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mo rí àmì dúdú ní ipò kẹrin, mo sì gbé e lé orí òkìtì abala kẹrin. Mo nu ọwọ́ mi. Lọ́jọ́ kejì, òun náà ló wà lókè pátápátá nígbà tí mo nawọ́ mú. Ọdún méjìlélógún tí mo fi ń wo ẹ̀yìn ìwé, ẹ̀yìn náà ni mo wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, mo jí ní agogo mẹ́rin bí ìṣe mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ Ọlọ́run pé kó dárí ji ọmọ náà. Mi ò lè parí rẹ̀. Mo gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà kẹta, mo dìde lórí eékún mi, mo lọ se omi. Àwọn àdúrà kan wà tí Ọlọ́run kì í gbà, torí pé irọ́ ni.

Baba Dé-Òkè ti débẹ̀ ṣáájú wa. Ó wọ ìbọ̀sẹ̀ funfun, ìwé náà wà lábíyá rẹ̀. Ọ̀gá gbé fọ́ọ̀mù sórí tábìlì ìránwé mi níbi tí gbogbo ènìyàn ti lè rí i, ó sì ní kí Lámèyítọ́ mú lẹ́tà wá. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ ná.

“Èmi ni mo rán an síbẹ̀. Mo bá a lórí tábìlì, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò ṣí inú. Ọmọ yìí kò mọ̀ sí i. Èmi ni kí ẹ bá wí.”

Ẹlẹ́rọ pa ẹ̀rọ. Ọ̀gá wojú mi bí ẹni tó rí i tí ògiri sọ̀rọ̀. Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Baba kọ ẹ̀yìn sí mi, ó dojú kọ ọmọ náà. Ó ní kò burú, àṣìṣe ni ti ìyá, ṣùgbọ́n ta ló kọ ọ́? Ó ní òun fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ. Ó ní kí ló wà nínú ìwé pọ́ǹpù, ìwé pọ́ǹpù lásánlàsàn, tí kò sí nínú tòun?

Mo gbọ́ ọ lóhùn rẹ̀ pé ó dùn ún. Òótọ́ ni mò ń sọ. Ká ní ibẹ̀ ló dúró sí, ìbínú mi ì bá rọlẹ̀.

Lámèyítọ́ kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ dáadáa, bí mo ṣe kọ́ ọ. “Ẹni tó kọ ọ́ ti tú pọ́ǹpù rí, sà. Gbogbo pọ́ǹpù tó bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ ló wà níbẹ̀. Ẹ fi ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kọ́ ọmọ, ẹyọ ọmọ kan ṣoṣo kò sí nínú ìwé yín. Ẹ má bínú pé tèmi wọ inú rẹ̀, sà. Mi ò rò pé ẹ̀yin ni yóò kà á.”

Baba wo Ọ̀gá. Ó ní, “O gbọ́ ọ fúnra rẹ. Bí o bá fọwọ́ sí nǹkan kan fún ọmọ yìí, mò ń kó iṣẹ́ mi lọ.” Ọ̀gá tún wo ilẹ̀. Mo rí ọwọ́ rẹ̀ tó ń lọ síbi fọ́ọ̀mù láti ká a.

Ìgbà yẹn ni gbogbo rẹ̀ dé sí mi lórí: aago mẹ́rin, ìbọ̀sẹ̀ funfun, ọgbọ̀n ọjọ́ tí ọmọ fi ń kígbe sí ògiri. Mi ò pariwo. Mo mú abẹ́rẹ́ mi, mo gún un mọ́ agbọ̀n, mo gbé agbọ̀n náà lé orí fọ́ọ̀mù náà.

“Ọ̀gá, òwú nìyí, abẹ́rẹ́ nìyí. Ẹgbẹ̀ta ìwé ló ń dúró. Ẹni tí kò bá lè fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, á fọwọ́ rán ìwé. Bí Baba bá sì fẹ́ kó o lọ, kó kó o ní abala, ẹgbàáta abala ni. Màá bá a wá ọkọ̀ ẹrù. Mo mọ ẹnì kan tó ń wà á.”

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín àfi Ẹlẹ́rọ, òun náà sì sọ ọ́ di ikọ́. Ọ̀gá mọ̀ pé kò sẹ́lòmíràn níbẹ̀ tó lè rán ẹgbẹ̀ta. Baba náà mọ̀ ọ́n. Olórí iléèwé kò tíì sọ pé òun kò gbà á mọ́. Àwa la gbọ́ lẹ́yìn náà pé ó ti ránṣẹ́ béèrè nígbà wo ni tòun yóò dé. Ọ̀gá gbé agbọ̀n mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Bírò kò kọ́kọ́ kọ. Ó ní láti fi ha etí tábìlì kó tó kọ.

Ó ní kí Baba fi ẹ̀dà yẹn sílẹ̀, ká tú u, ká yọ abala náà kúrò. Baba ní rárá. Kò sọ ìdí. Ó tún fi áńkáṣíìfù rẹ̀ wé e, ó jáde.

Èmi àti ọmọ náà la jọ rìn dé ibi tó ti fẹ́ wọ ọkọ̀ lọ fi fọ́ọ̀mù sílẹ̀. Ó ṣòro fún mi. Mo ti bímọ mẹ́ta, mo ti tọ́ ọmọ mẹ́rin, mi ò tíì bẹ ọ̀kankan nínú wọn rí. Mo ní, “Mo ti bá ẹ wí lánàá lórí ohun tí mo ṣe fúnra mi. Má bínú.”

“Mo mọ̀, Màmá.”

“O mọ kí ni?”

“Mo mọ̀ pé ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin nìkan lẹ máa ń wo ẹ̀yìn. Láti Ọjọ́bọ̀ ni mo ti mọ̀.”

Ó mọ̀, ó dákẹ́. Ó jẹ́ kí n fi òwe lu òun láti ibi iṣẹ́ dé ilé, ó sì múra tán láti pàdánù ọdún méjì kó má bàa jẹ́ pé òun ló tú ọdún méjìlélógún mi ká. Ta ló kọ́ ọ nírú ìyẹn? Kò sí nínú àádọ́ta ìmọ̀ràn. Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí Baba lọ, mo sì sọ fún un. Ó ní òun á kọ ọ́ sílẹ̀. Mo ní bó bá ń kọ ọ́, kó tún ti aago mẹ́rin yẹn kọ dáadáa: àdúrà ni mò ń jí gbà, kó rẹ̀ mí kó má rẹ̀ mí, àárín èmi àti Ọlọ́run nìyẹn.

Mo ti ń rán ẹgbẹ̀ta náà báyìí. Mò ń ṣí abala kẹrin kọ̀ọ̀kan wo inú kí abẹ́rẹ́ tó wọ̀ ọ́. Ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rìndínlógún ti pé, ìmọ̀ràn kẹtàlá wà nípò rẹ̀ pẹ̀lú agogo mẹ́rin rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó dá a lóhùn. Mo ti rí i ní ìgbà igba ó lé méjìdínlógún. Inú ṣì ń bí mi sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.